Orogún Màámi Tó Ń Gbé Inú Omi

Bí ẹ bá bi Màámi léèrè títí di òní iye ìyàwó tí Bàámi fẹ́, méjì ni yóò dá yín lóhùn, kò sì ní rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, obìnrin kan ṣoṣo ni Bàámi mú wọlé rí láyé rẹ̀, Màámi náà sì ni. Èkejì tó ń kà mọ́ ọn kò lẹ́sẹ̀, inú omi iyọ̀ ló ń gbé, nínú àpótí gíláàsì kan tó gba ògiri pálọ̀ wa tán. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti bí ọmọ tó ga jù mí lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ìró omi tó ń ṣàn nínú ilé ẹnikẹ́ni, màá dìde kúrò níbẹ̀. Ọdún yẹn ni mo mọ ohun tí owú jẹ́. Mo jowú débi pé oúnjẹ ń korò lẹ́nu mi. Màámi jowú jù mí lọ. Inú ilé kan náà ni àwa méjèèjì wà, ohun kan náà ló ń dùn wá, a ò sì lè sọ ọ́ fún ara wa.

Àgbàlá kan ní Williamsville, ní ìlú Abidjan, ni à ń gbé, níbi tí gbogbo ìdílé ti ń pín ẹ̀rọ omi kan àti okùn ìsáṣọ kan. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ Bàámi ń ta aṣọ àti ohun ọkọ̀ ní Adjamé, ṣùgbọ́n òun ní ọwọ́ òun kò gba ọjà títà, fríìjì ni òun ń tún ṣe. Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ń to àwọn fríìjì aláìsàn sí, kò sì sí ìgbà tí ọ̀kan kì í kùn nínú wọn. Ìró wọn dà pọ̀ mọ́ ti ọmọ odó Tantie Akissi, aládùúgbò wa ọmọ Baoulé tó ń gún fùútù tó dà bí iyán, àti ti Màámi tó ń rọ omi, bissap tí àwọn kan ń pè ní zobo, àti omi atalẹ̀ sínú ọ̀rá, tó ń to wọ́n sínú fìrísà funfun ńlá tí Bàámi tún ṣe fún un, kí wọ́n lè dì fún títà. Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá Bàámi lóbìnrin, a jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, a máa ka tẹ̀súbà, a sì máa pa òwe láàárín tẹ̀súbà. Èmi nìkan lọmọ nínú ilé. Ọjọ́ Àìkú ni tèmi. Lọ́jọ́ náà, Bàámi á gbé mi sí iwájú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ń yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, a ó lọ wá ohun èlò fríìjì ní Adjamé, a ó sì jẹ attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, àti ẹja díndín lórí bébà kan náà. Ẹ̀yìn ẹja ló máa ń gé fún mi, òun á mú orí. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ayé yóò máa lọ.

Kí n tó sọ bí orogún ṣe wọlé, ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ iyùn. Nígbà tí wọ́n gbé Màámi níyàwó, ìyá rẹ̀ kò ní iyùn tí yóò fún un, iyùn Ìyá Àgbà ni wọ́n yá a. Ó wọ̀ ọ́, ó jó, gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ rí i. Nígbà tí ìnáwó parí, Ìyá Àgbà na ọwọ́, Màámi sì bọ́ ọ lọ́rùn. Bàámi ṣèlérí níbẹ̀ pé bí òun bá dé Abidjan tí nǹkan ṣẹnuure, òun ó ra tirẹ̀ fún un. Ìgbà tí Màámi bá ń dirun fún mi ló máa ń sọ ìtàn yìí, bó bá sì ti dé ibi tó bọ́ ọ lọ́rùn, á fa irun mi le débi tí omi yóò bọ́ lójú mi. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìròyìn dé láti ilé pé àbúrò rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó, pé ọkọ ti ra iyùn fún un, iyùn tirẹ̀ gan-an, kì í ṣe àyálò. Màámi ní inú òun dùn. Ó fọ gbogbo ìkòkò ilé wa lọ́jọ́ yẹn, àti èyí tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọdún yẹn náà ni àwọn Faransé ń kó lọ wìtìwìtì nítorí ìjà ìlú. Ọ̀kan nínú wọn ń gbé ní Cocody, Bàámi ló máa ń tún ẹ̀rọ kan ṣe fún un, ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù, nítorí òyìnbó náà ń sin ohun inú òkun sínú pálọ̀ rẹ̀: òkúta tó ní ẹ̀mí, ẹja aláwọ̀ oríṣiríṣi, àti ohun kan tó ń pè ní corail. Ó ti pẹ́ tí Bàámi ti ń wò ó tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó ń lọ, kò lè gbé òkun wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó ní kí Bàámi máa gbé e. Bàámi béèrè kiri kí ni corail ń jẹ́ ní èdè wa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Treichville sọ fún un pé iyùn ni, pé láti inú òkun ni iyùn tí à ń wọ̀ sọ́rùn ti wá. Inú Bàámi dùn bí ọmọdé. Ibi tó ti ń fi ayọ̀ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni Màámi ti gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn fèrèsé: "Iyùn náà ti di tèmi. Samedi ni màá gbé e wálé. Má tíì sọ fún Ìyá Sìdí o, mo fẹ́ kó bá a lójijì."

Ìyá Sìdí ni Màámi. Èmi ni Sìdí. Mo rí i tó fi ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì kan ọrùn rẹ̀. Títí Sátidé fi pé, ó ń kọrin. Ó di irun, ó lé làálì, ó se ìrẹsì ẹlẹ́ran, ó tilẹ̀ fún Bàámi ní ẹran méjì láìsí ìdí. Ó sọ fún Tantie Akissi, ẹni tó bá sì sọ fún Tantie Akissi ti sọ fún gbogbo àgbàlá. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù fọn fèrè lọ́jọ́ náà, gbogbo wa ti wà níta, Màámi wọ léèsì rẹ̀ tó lọ́rùn gbòòrò, ó sì fi ọrùn sílẹ̀ lásán, kò sí ẹ̀wọ̀n kankan níbẹ̀, kí àyè lè wà. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí gíláàsì sọ̀ kalẹ̀. Màámi dúró kí wọ́n gbé ẹrù onígíláàsì yẹn kúrò lọ́nà. Níkẹyìn, ó ní, "Bàbá Sìdí, iyùn ọ̀hún dà?"

Bàámi wò ó, ẹnu yà á pé ó ti gbọ́. Ó ṣí ọmọrí garawa kan, ó ní, "Òun nìyí. Wò ó, ó ń mí."

A yọjú wò ó. Òkúta kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú nǹkan tó ń yọ̀, aláwọ̀ eèpẹ̀, lórí rẹ̀ tó ká ara rẹ̀ jọ bí ìkúùkù. Tantie Akissi ní, "Ah, ma sœur, c'est ça le collier?" ṣé ẹ̀gbà ọrùn náà nìyí, ó sì bú sẹ́rìn-ín, kò sì lè dá a dúró. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Màámi dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó bu omi sínú abọ́, ó jáde, ó sì da omi náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà níwájú àwọn tó gbé àpótí. "Bí wọ́n bá mú ìyàwó tuntun dé, a máa ń da omi sí i lẹ́sẹ̀," ló wí. "Ẹ máa gbé e wọlé. Orogún mi dé." Ìyá Àgbà ní, "Ìyá Sìdí, fọkàn balẹ̀. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé ń bẹ lájà fún ìyàwó." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, Bàámi náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni.

Ẹ má rò pé a kàn ń da omi sínú àpótí báyẹn lásán. Bàámi jó irin pọ̀ fúnra rẹ̀ láti fi ṣe àga tí àpótí yóò jókòó lé. Ó to òkúta rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́lé, ó tú u ká, ó tún un tò. Omi àtijọ́ tó gbé wá láti Cocody kò kún un dé ìdajì, ìyókù di dandan kí a lọ bù ú lókun, ní Gonzagueville, níbi tí omi ti mọ́ díẹ̀. Ó ń fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ó ń fi gíláàsì tín-ín-rín kan tó ń léfòó wọn iyọ̀ rẹ̀. Omi tó bá gbẹ nínú àpótí, omi tí kò níyọ̀ ló fi ń dí i, ó ṣàlàyé fún wa pé omi nìkan ló ń bá ooru lọ, iyọ̀ kì í lọ síbi kankan. Ìyá Àgbà ní, "Àṣé iyọ̀ ni ìyáálé." Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, gbogbo iyùn náà pa ẹnu dé, ọ̀rìn tó ń hù nínú omi, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, bo iyanrìn, òórùn òkun sì gba ilé. Ìgbà yẹn ni Màámi rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. "Ìyàwó ò fẹ́ràn ilé," ló máa ń sọ fún àwọn tó wá ra omi dídì. Ṣùgbọ́n Bàámi kò yé ní sùúrù, sùúrù tí a ò rí irú rẹ̀ rí lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé bí oúnjẹ bá pẹ́ díẹ̀ ojú rẹ̀ á pọ́n. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀, ó kó ìgbín òkun sí i kí wọ́n máa jẹ ọ̀rìn. Nígbà tó yá, àwọn iyùn náà là. Ọ̀kan ní ìka bí ọwọ́ ọmọ jòjòló, ọ̀kan fẹ̀ bí òdòdó, òmíràn ń jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń pe èèyàn. Àwọn ẹja kéékèèké olómi ọsàn wọ àárín wọn lọ. Ó rẹwà. N kò lè parọ́. Ẹwà rẹ̀ gan-an ló dùn mí jù.

Nítorí ọjọ́ Àìkú ti kúrò lọ́wọ́ mi. Gonzagueville ni Bàámi ń lọ báyìí, kẹ́ẹ̀gì omi ló sì ń jókòó níbi tí mo máa ń jókòó sí. Mo bẹ̀bẹ̀ títí tó fi mú mi lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo wà, mo ń di àwọn kẹ́ẹ̀gì mú kí wọ́n má ṣubú. Etí òkun ni mo ti sáré bá a wọ inú omi, ó sì ké mọ́ mi: "Sìdí, fà sẹ́yìn! O ń rú iyanrìn sínú omi mi." Omi mi. Òkun tí Ọlọ́run dá. A ò jẹ attiéké lọ́jọ́ yẹn, ó ní omi kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú oòrùn. Nílé, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, pálọ̀ ló ń kọ́kọ́ yà sí, á tẹ̀ ba síwájú gíláàsì, á máa kí wọn. Mo ti gba ipò kìíní nínú kíláàsì rí, ó ní "C'est bien," pé ó dára, láìyí ojú padà. Mo máa ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń ronú pé ohun tí kò lójú, tí kò létí, tí kò mọ orúkọ bàbá mi, òun ni bàbá mi ń wò báyẹn. Màámi náà á yọ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, á wò, á padà. Ó máa ń dà bíi kí n lọ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ nígbà náà kò gba ọmọ.

Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Èyí tí kò ṣeé fara dà ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Bàámi kígbe láti pálọ̀: "Ẹ wá wò ó! Ó ti bí! Ó ti bí ìbejì!" Tantie Akissi sáré wá tòun ti ọmọ odó lọ́wọ́: "C'est qui qui a accouché?" Ó ń béèrè ẹni tó bímọ. Iyùn tó ní ìka bí ọwọ́ ọmọ jòjòló ló ti ń pín láti ọjọ́ pípẹ́, ó wá di méjì gédégbé, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹnu tirẹ̀. Bàámi ń fò sókè. Màámi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti mọ ìrìn ni Màámi ti ń wá ọmọ mìíràn. Ó ti dé ilé ìwòsàn, ó ti mu omi hàntú tí àwọn alùfáà kọ Kùránì sí, ó ti mu àgbo. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nílé wa, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀. "Mùfú," ló wí fún Bàámi jẹ́jẹ́, "pa ẹnu rẹ dé." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́, ẹyin ni, ó ti fọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ohùn Màámi àti Ìyá Àgbà. Màámi ní, "Vendredi ni bọ́ọ̀sì Nàìjíríà ń lọ. Màá lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò mi."

"Ó dára. Ìgbà wo lo ń bọ̀?"

"Ìyá, n ò mọ̀. Bóyá kí n sinmi díẹ̀ nílé wa."

"Sìdí ńkọ́?"

"Sìdí ń lọ sí école. Ẹ̀yin sì wà níbẹ̀."

Abọ́ tí mò ń fọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ obìnrin kan ní àdúgbò tó lọ sinmi nílé wọn, ọmọ rẹ̀ ti ń ṣe ìdánwò àṣejáde, kò tíì sinmi tán. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbàdúrà lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Màámi lọ lọ́jọ́ Ẹtì náà. Bálíìsì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ti dì í. Bàámi kò rí i. Wọ́n pè é sí San-Pédro láti lọ tún yàrá yìnyín àwọn apẹja ṣe, ó sì lọ láìbojú wẹ̀yìn, àfi ìgbà tó fẹ́ jáde tó yà sí pálọ̀ láti lọ dágbére fún àwọn èèyàn rẹ̀ inú omi.

Kò pẹ́ tó lọ ni ẹ̀rọ iná àdúgbò bú gbàmù, ní ọ̀sán gangan, ooru sì mú. Gbogbo fríìjì ẹ̀yìnkùlé dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. N kò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ báyẹn rí nílé wa. Omi inú àpótí gíláàsì náà dúró. Fóònù dún, Màámi tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ìyá Sìdí, wọ́n ní courant ti lọ ní Williamsville?"

"Ó ti lọ."

"Iyùn ńkọ́? Wo thermomètre fún mi, ó wà lórí mélòó?"

Màámi ní, "Bàbá Sìdí, ẹ ò tiẹ̀ béèrè àwa."

"Ìyá Sìdí, ẹ̀mí ni wọ́n o! N ò lè dé kí ooru tó pa wọ́n. Jọ̀ọ́..." Fóònù gé.

Màámi jókòó sórí bálíìsì rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ó rí ohun kan náà tí mo rí: a ò nílò láti ṣe ohunkóhun, kí a kàn jókòó ni. Kí a jókòó títí ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ orogún yóò sì tán. Ìyá Àgbà pàápàá dá tẹ̀súbà dúró. Lẹ́yìn náà Màámi dìde fùú, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ìdí. "Rárá," ló wí. "Tí orogún bá kú, ta ni wọ́n ń wò lójú? Ìyáálé ni. Wọ́n á ní èmi ni mo pa á. Kò ní kú sí mi lọ́wọ́. Sìdí, ṣí fìrísà!"

Ó kó omi dídì tó fẹ́ fi pawó, ó nu ọ̀rá wọn mọ́, ó wo ìdí kọ̀ọ̀kan bóyá ó ń jò, ó sì ń jù wọ́n sínú àpótí náà níkọ̀ọ̀kan kí omi má tutù lójijì. Ó fi igbá bu omi, ó ń dà á padà láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ó ní kí n máa ka thermomètre tó ń wọn ooru omi, ó mọ ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ó mọ èyí tó ń jẹ ẹran lọ́sàn-án nínú wọn, ó mọ èyí tí kò fẹ́ kí a fọwọ́ kàn án. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Àwọn oṣù tó fi ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí Bàámi sọ tó bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń jowú kì í sùn, gbogbo ohun tí orogún ń jẹ ló mọ̀. Àwọn oníbàárà dé, wọ́n ń béèrè bissap, ó lé wọn padà. Bí apá bá ń ro ó, Tantie Akissi á gba igbá, bó bá rẹ Tantie, èmi á gbà á. Gbogbo ìgbà náà ni Màámi ń bú iyùn náà: "Ìwọ tí o ò lè fara da ooru, kí lo wá wá sí Abidjan? Aláìnítìjú! Wá gbé ọkọ mi, wá tún gbé yìnyín mi!" Nígbà tí yìnyín tiwa tán, ó rán mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja ní ọjà kí wọ́n fún wa ní tiwọn.

Iná kò dé lọ́jọ́ yẹn, kò dé lọ́jọ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni èébú náà ń rọ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Ó ti tó, ó ti tó, mo wà níbí." Ó ki ọwọ́ bọ omi láti yọ ọ̀rá kan tó ti yọ́, ìka iyùn tó bí ìbejì náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Màámi kò fa ọwọ́ yọ. "Sìdí," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré, "ó di ọwọ́ mi mú." Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú omi.

Ní àárọ̀ Ẹtì, ọmọ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì Nàìjíríà wá kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Tantie, on bouge, à ń lọ. Ẹrù yín dà?" Màámi jáde sí i tòun ti igbá lọ́wọ́. Ó wo bálíìsì rẹ̀, ó wo pálọ̀. "Ẹ máa lọ," ló wí. "Mo ní aláìsàn nílé." Mo sá lọ sẹ́yìn àwọn fríìjì, mo forí balẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi. Iná dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Bàámi wọlé ní Sátidé pẹ̀lú eruku ọ̀nà lára, ó sáré tààrà sí pálọ̀, ó fẹ́ ki ọwọ́ bọ omi. Màámi dá a dúró. "Ẹ lọ fọ ọwọ́ yín. Epo ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ò fẹ́ òórùn epo." Bàámi dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lófuurufú. Àwọn ẹja ti sáré wá síbi tí ọwọ́ Màámi wà, ojú òun ni wọ́n ń wò. Mo rí nǹkan kan tó kọjá lójú bàbá mi, mo sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí owú ni, inú tèmi ló sì ń sùn ní gbogbo ọdún yẹn. Lẹ́yìn náà ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì tó rin gbingbin. "Ìyáálé," ló wí, "ẹ ṣeun." Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Àgbà sì lé mi jáde kí n má gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe ọjọ́ Àìkú, mo jí kùtù, mo wẹ̀, mo wọ bàtà mi tó dára jù. Àlàáfíà ti dé, mo ti mọ̀ pé wọn yóò rántí mi. Ọkọ̀ akẹ́rù dé. Màámi jáde, ó ti wé gèlè, ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì dání, ó sì wọ iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàámi. "Sìdí, dúró ti ìyàwó mi," ló ké sí mi láti inú ọkọ̀. "Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan gíláàsì." Bàámi sọ nǹkan kan sí i létí, Màámi sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Mo gbọ́ ọ títí ọkọ̀ fi yà.

Mo padà wọlé, mo jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, mo sì bú sẹ́kún. Ìyá Àgbà bá mi níbẹ̀. "Kí ló dé, ọmọ mi? Ṣebí ìwọ lo ń gbàdúrà kí ìyá rẹ má lọ? Kò sáà lọ mọ́, ó dúró."

Mo ní, "Ó dúró, Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí tèmi."